Owó omi ẹ̀rọ àti owó ìdàgbàsókè n'Íbàdàn: báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣírò rẹ̀?

Akọ̀wé Onílé, Akóbọ̀

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa ní Akóbọ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ ni mo gbé wá, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ìpàdé kan ń bọ̀ tí wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ onílé kọ èrò wọn sílẹ̀ fún lórí ohun méjì: iye tí ó yẹ kí ilé máa san lóṣooṣù lórí omi ẹ̀rọ, àti iye tí ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun san kí páìpù ńlá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní owó ìdàgbàsókè.

Nígbà tí a jókòó láti kọ ìwé náà, díẹ̀ ló kù kí ó di ìjà. Àwọn kan ní kí gbogbo ilé máa san iye kan náà kí ariwo má baà pọ̀. Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run ló ni òjò, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni ó yẹ kí omi jẹ́. Bàbá kan tí ó ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé rẹ̀ ní òun kò ní í san kọ́bọ̀, torí pé òun kò bẹ ìjọba lómi. Mo kó bébà mi sínú àpò, mo ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ìlú tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa, kí ló máa ń wò kí ó tó bu iye lé omi?

Àgbà Ẹnjiníà, Ẹlẹ́yẹlé

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ omi ni mo fi ìgbà èwe mi ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí odò.

Òótọ́ ni pé Ọlọ́run ló ni òjò, àmọ́ ẹni tí yóò gbé òjò náà dé Akóbọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe sórí odò Ọnà ní 1942 ni ìlú yìí kọ́kọ́ gbára lé. Nígbà tí èrò pọ̀ jù ú lọ, wọ́n lọ sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjírè, tó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú, wọ́n sì ṣí i ní 1972. Omi tó wà nínú adágún náà kì í ṣe omi mímu. A ní láti fi álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, kí a sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn, kí a fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀, kí a tó wá fi ẹ̀rọ tì í gun òkè. Ìlú olókè sì ni Ìbàdàn. Omi 1,000 lítà, tọ́ọ̀nù kan gbáko ni ó wúwo. Láti gbé e gòkè ní 100 mítà péré, bí a bá ka ohun tí pọ́ńpù fi ṣòfò mọ́ ọn, yóò jẹ tó iná 0.4 kílówáàtì-wákàtí. Ní oṣù kẹrin 2024, iye tí wọ́n ń gbà lórí kílówáàtì-wákàtí kan fún àwọn tó wà ní ìpele A (Band A), ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn yóò máa pẹ́ jù lọ lójúmọ́, fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Bí ilé-ẹ̀rọ omi bá ń ra iná ní iye yẹn, ₦90 ti wọ inú 1,000 lítà náà kí a tó ka álọ́ọ̀mù, kí a tó ka owó òṣìṣẹ́, kí a tó mẹ́nu ba dísẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ tí iná bá lọ.

Ẹ wá fi èyí sọ́kàn. Ìnáwó omi pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lọ sókè tàbí wálẹ̀ bí omi bá ṣe ń ṣàn, bí iná àti kẹ́míkà. Apá kejì dúró bí òkúta, ìbáà ṣàn, ìbáà má ṣàn: owó oṣù, gbèsè tí a yá, páìpù tó ń gbó nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Apá kejì yìí ni ó máa ń tóbi jù nínú iṣẹ́ omi. Ìdí nìyí tí owó omi fi gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ méjì: iye kékeré kan tí kò yí padà lóṣooṣù, àti iye tí a ń san lórí lítà. Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ ka orí lítà, nígbà òjò tí gbogbo ilé n'Íbàdàn ń gbé dúrọ̀ọ̀mù sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, owó yóò gbẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ omi, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kò ní í tìtorí òjò dẹ́kun àtijẹ. Bí a bá sì gbé gbogbo rẹ̀ ka iye kan náà fún ilé gbogbo, kò sí ẹni tí yóò rántí láti ti ẹ̀rọ omi pa.

Ìyá Elépo, Ìdí-Arẹrẹ

Mo kí yín o, Bàbá Ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ yín yé mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí ní ẹsẹ̀ àgbàlá wa.

Mo ní ìwé onílà kan tí mo fi ń kọ ìnáwó ilé, nítorí pé epo ni mo ń tà, ẹni tí kò bá kọ sílẹ̀ yóò jẹ owó ọjà tán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kéègì 25 lítà mẹ́fà ni mo ń rà lójúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi ọmọlanke gbé omi kiri, ₦100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di ₦600 lójúmọ́, ₦18,000 lóṣù, lórí omi 4,500 lítà tí a fi ń sè, tí a fi ń wẹ̀, tí a fi ń fọ aṣọ ọmọ ilé-ìwé. Ẹ pín in wò, ₦4,000 ni mo ń ra 1,000 lítà. Mi ò sì mọ kànga tí wọ́n ti ń pọn ọ́n.

Ẹ̀rọ omi sì wà lẹ́yìnkùlé wa o. Aláǹtakùn ti ta sí ẹnu rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ti yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ fi ṣeré. Síbẹ̀, nígbà kan, ọ́fíìsì kan mú ìwé owó wá fún wa, iye kan náà fún gbogbo ilé tó wà ní òpópónà wa, oṣù mẹ́fà lápapọ̀. Mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú un wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹ̀rọ náà hàn án. Ó wò ó, ó ní "Mama, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Òótọ́ ni ó sọ, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Nítorí náà, kì í ṣe pé àwa tálákà kò fẹ́ sanwó omi. Owó wa ti ń lọ, kò kàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún páìpù ṣe ni.

Olùkọ́ Ìṣirò, Àgbówó

Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Ìwé ìnáwó yín yẹn, kí Akọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí ẹ yá a fún ìpàdé náà, nítorí pé òun gan-an ni ẹ̀rí tí ó wúlò jù lọ tí mo rí níbí.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó máa ń pín owó orí lítà sí ìpele: omi àkọ́kọ́ rọjú, èyí tó tẹ̀lé e wọ́n díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù wọ́n gan-an. Èrò wọn ni pé olówó tó ń fi omi bomi rin koríko, tó ń fọ ọkọ̀ mẹ́ta, ni yóò san iye tó ga. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n tí a bá gbé e wá sí Ìbàdàn láìro ilé wa, àwọn tí a ní a fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an ni yóò pa.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é wò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ń gbà. Ká ní 10,000 lítà àkọ́kọ́ jẹ́ ₦200 fún 1,000 lítà, 10,000 tó tẹ̀lé e jẹ́ ₦400, ohunkóhun tó bá lé ní 20,000 sì jẹ́ ₦700. Ìdílé kan tó dá gbé ilé ńlá ní Bódìjà, tó lo 10,000 lítà lóṣù, ₦2,000 ni yóò san. Ẹ wá wo ilé oníyàrá-kojú-síra ní Òjé tàbí ní Bẹẹrẹ, tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lo 4,500 lítà gẹ́gẹ́ bí ti Ìyá Elépo. Mítà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, 36,000 lítà sì ni mítà náà kà. Owó wọn di ₦2,000 àti ₦4,000 àti ₦11,200, àpapọ̀ ₦17,200. Ìdílé kọ̀ọ̀kan san ₦2,150 lórí omi tí kò tó ìdajì ti ará Bódìjà. ₦478 ni wọ́n ń ra 1,000 lítà, ẹni tó ní ilé ńlá sì ń rà á ní ₦200.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n ka iye ìdílé tó wà lábẹ́ mítà, kí wọ́n sì fi iye náà sọ ìpele kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. Pẹ̀lú ìdílé mẹ́jọ, 80,000 lítà ni ìpele àkọ́kọ́ yóò gbà, gbogbo ilé náà yóò san ₦7,200, ìdílé kọ̀ọ̀kan ₦900.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí ní ilẹ̀ mìíràn. Ní 2001, ìjọba Gúúsù Áfíríkà ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa gba 6,000 lítà lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sórí èèyàn mẹ́jọ, lítà 25 lójúmọ́ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Phiri ní Soweto lọ sọ fún ilé-ẹjọ́ pé agboolé wọn kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé omi náà ń tán kí oṣù tó parí. Ní 2009, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ òfin orílẹ̀-èdè náà dá ìjọba láre. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Phiri, ọ̀rọ̀ àgbàlá Ìdí-Arẹrẹ gan-an ni.

Bíríkìlà, Mọ́níyà

Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé owó ìdàgbàsókè. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta àwa lẹ́sẹ̀.

Mo ń bá àwọn èèyàn kọ́lé láti Mọ́níyà títí dé Akínyẹlé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, onílé méjì ní òpópónà kan náà lọ sanwó ní ọ́fíìsì kan kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ọ̀kan fẹ́ kọ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta. Èkejì fẹ́ kọ́ ilé alájà oní fúláàtì méjìlá. Iye kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, wọ́n ní ìdàgbàsókè ni. Rìsíìtì náà kò sì kọ ju "ìdàgbàsókè" lọ. Títí di òní, ojú ọ̀nà yẹn kò rí páìpù, kò rí gọ́tà. Onífúláàtì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Onílé ilẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ náà, àpáta ni wọ́n bá lábẹ́, wọ́n gbẹ́ ibì kejì. Owó ìdàgbàsókè tí a ń san yìí, orí ẹni tó fẹ́ rẹ́ǹtì ilé ni ó ń pa dà sí.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, kí wọ́n pa á rẹ́ pátápátá.

Agbẹjọ́rò, Ìyágankú

Àbúrò mi Bíríkìlà, mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ìdájọ́ rẹ. Bí a bá pa owó náà rẹ́, ta ni yóò ra páìpù tí yóò lọ sí Mọ́níyà? Ìyá Elépo ni, nínú owó omi tirẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ṣì gbẹ. Ohun tí ó bàjẹ́ nínú ohun tí o rí ni pé kò sí ìdè láàárín owó àti iṣẹ́. Ìdè yẹn ni òfin gbọ́dọ̀ so.

Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, òfin owó ìdàgbàsókè wọn ti 1997 kò gbà kí ìlú kankan gba owó náà láìkọ́kọ́ ṣe ìwádìí kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde: ilé mélòó ni a ń retí, iṣẹ́ wo ni ilé wọ̀nyẹn yóò mú kí a ṣe, èló ni yóò ná. Ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ìlú tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀, kí ó sì máa ṣàlàyé ní ọdún márùn-ún márùn-ún ìdí tí èyí tí kò tíì ná fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣàlàyé, ó di dandan kí ó dá a padà. Ní ti owó omi fúnra rẹ̀, láti 1996 ni àwọn ará Kalifọ́níà ti dìbò fi í sínú òfin wọn pé owó tí ìlú bá gbà kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ náà ná an lọ. Ìlú tó bá fẹ́ fi kún un ní láti kọ̀wé sí onílé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 45 ṣáájú ìpàdé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá sì kọ̀wé pé àwọn kò gbà, ọ̀rọ̀ parí. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ kan wọ́gi lé owó onípele tí ìlú San Juan Capistrano ń gbà, nítorí pé ìlú náà kò lè fi ìwé hàn pé ìpele kọ̀ọ̀kan bá iye tí omi náà ná an mu.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àlejò ni èyí sí Yorùbá. Ní 1908, nígbà tí ìjọba gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa gba owó omi lọ́wọ́ ará Èkó lórí iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbèrò, dókítà méjì, John Randle àti Orisadipe Obasa, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó. Àwọn ará Èkó ní kànga wọn ń bẹ, pé àwọn òyìnbó ni yóò gbádùn omi náà jù, kí ló dé tí àwọn ni yóò sanwó? Ìbéèrè wọn ṣì ṣe é bèèrè lónìí: ta ni ń jẹ àǹfààní, ta ni ń sanwó, ta ni ó jókòó nígbà tí wọ́n ń pinnu?

N'Íbàdàn, ìṣòro kan tún wà tí àwọn ìlú wọ̀nyẹn kò ní. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín ìlú yìí láàárín ara wọn, ilé-iṣẹ́ omi sì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí a lè nàka sí pé òun ni ìlú. Nítorí náà, àpò tí owó náà yóò wọ̀ ni kí Akọ̀wé kọ́kọ́ bèèrè, kí ó tó bèèrè iye.

Àgbà Ẹnjiníà, Ẹlẹ́yẹlé

Agbẹjọ́rò ti sọ ibi tí ó ṣe pàtàkì jù. Mo fẹ́ dá Bíríkìlà lóhùn lórí fúláàtì méjìlá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó tí ilé tuntun yóò san. Èyí àkọ́kọ́ dà bí owó ìwọlé ẹgbẹ́: àwọn tó ti wà níbẹ̀ ti kọ́ ìsédò, wọ́n ti ri páìpù mọ́lẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ ra ìpín tirẹ̀. Èyí kejì ni kí a ṣírò iṣẹ́ tuntun tí àwọn tó ń bọ̀ yóò mú wá, kí a pín in láàárín wọn. N'Íbàdàn, ohun tí a kọ́ ní 1942 àti 1972 ti gbó, owó ìlú ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, nítorí náà ọ̀nà kejì ni ó bójú mu fún wa. Ilé kan tí ìdílé kan ń gbé ni wọ́n máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Fúláàtì méjìlá jẹ́ òṣùwọ̀n méjìlá, tàbí ó dín díẹ̀. Ilé ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá gba iye kan náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò ṣírò nǹkan kan rárá.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbé kọ́ ilé tuntun lọ́rùn láé: àbùkù àtijọ́. Bí páìpù bá ń jò ní Òkè-Àdó láti ogún ọdún wá, ará Mọ́níyà kọ́ ni yóò san án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí jíjò yìí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, òru ni a máa ń lọ, nígbà tí ọkọ̀ bá ti dákẹ́. A ó gbé ọ̀pá irin lé orí páìpù, a ó fi etí ti orí ọ̀pá náà. Páìpù tí kò jò, kò ní í sọ nǹkan. Èyí tó ń jò yóò máa ṣe "ṣìììì" bí ẹni tó ń dín dòdò. Òru kan wà tí a gbọ́ irú ohùn yẹn ní ibi mẹ́rin ní òpópónà kan ṣoṣo, omi tí a ti sẹ́, tí a ti fi iná gbé gun òkè, tó ń lọ sínú gọ́tà. Bí 1,000 lítà bá ná wa ní ₦300, tí ìdajì sì jò sọnù, ₦600 ni a gbọ́dọ̀ ta èyí tó kù. Ẹni tó ń sanwó ni ó ń san ti gọ́tà.

Ìlú Phnom Penh ní Kàǹbódíà wà ní irú ipò yìí lẹ́yìn ogun. Ní 1993, omi tí wọn kò rí owó rẹ̀ gbà, nítorí jíjò àti olè, jẹ́ 72 nínú 100. Ek Sonn Chan ni wọ́n fi ṣe olórí ilé-iṣẹ́ omi. Wọ́n fi mítà sí ilé gbogbo, wọ́n ń wá ibi tó ń jò kiri, wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ alágbára bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Kí ogún ọdún tó pé, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 6 nínú 100. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ fún yín pé owó omi gbọ́dọ̀ gòkè, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ iye tó ń jò fún yín.

Ìyá Elépo, Ìdí-Arẹrẹ

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìbéèrè kan ni mo ní. Tí ẹ bá so mítà mọ́ ilé wa, orúkọ lánlọ́ọ̀dù ni yóò wà lórí rẹ̀. Bí àwa ayálégbé bá san tiwa, tí lánlọ́ọ̀dù kò bá san án síwájú, àwa ni wọn yóò já omi lẹ́nu. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ṣe é?

Akọ̀wé Onílé, Akóbọ̀

Ìyá wa, lánlọ́ọ̀dù ni èmi náà, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ sọ. Mo ti fi í kún ìwé: kí ilé-iṣẹ́ omi gbà kí ayálégbé lè san ìpín tirẹ̀ tààrà, kí ó sì gba rìsíìtì tí orúkọ tirẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò ní í fẹ́ ẹ. Màá kà á sí wọn létí bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ohun tí mo kọ nìyí. A gbà kí owó omi ní ẹsẹ̀ méjì, kí ẹsẹ̀ tó dúró kéré, kí wọ́n má sì gbà á ní oṣù tí omi kò bá ṣàn dé ilé. Kí wọ́n ka ìdílé tó wà lábẹ́ mítà kí wọ́n tó pín ìpele. Kí wọ́n tẹ iye omi tó ń jò jáde lọ́dọọdún kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àfikún. Kí owó ìdàgbàsókè wà nínú àpò tirẹ̀, kí rìsíìtì kọ iṣẹ́ tí ó wà fún àti òpópónà tí iṣẹ́ náà yóò gbà, kí wọ́n sì dá a padà bí ọdún márùn-ún bá kọjá tí iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀. Ní ti bàbá tó ní kànga ẹ̀rọ, mo kọ ọ́ pé kí ó má san lítà tí kò rà, ṣùgbọ́n kí ó san ẹsẹ̀ kékeré yẹn bí páìpù bá kọjá níwájú ilé rẹ̀ tí omi sì ń bẹ nínú rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí kànga rẹ̀ bá gbẹ, páìpù náà ni yóò sá lọ bá.

Ìpàdé náà, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìyá Elépo, bí ẹ bá gbà, màá wá gba ìwé onílà yẹn ní ọjọ́rú kí n lè ya fọ́tò ojú-ewé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá Elépo, Ìdí-Arẹrẹ

Ẹ wá lẹ́yìn aago mẹ́rin, mo máa ń wà ní ìsọ̀ títí di ìgbà yẹn. Epo ti kán sí ojú-ewé kan, ṣùgbọ́n iye tó wà níbẹ̀ ṣe é kà.